Kí ẹ tó ní kí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà ilé yín

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà ni pé, “Ẹnjiníà, ẹ bá mi fọ́ọ̀mátì ẹ̀.” Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Fọ́ọ̀mátì á gbé gbogbo ẹ̀ lọ: fọ́tò ìsìnkú bàbá, prójẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà ti kọ dé ìdajì, àti páswọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà ò ní àrùn kankan. Ohun tí kò yẹ kó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́ nílé láìsan kọ́bọ̀ fún mi.

Windows 10 àti 11 ni mò ń sọ, torí òun ló wà nínú púpọ̀ jù lára láptọ́ọ̀pù tí mo ń rí. Bí bọ́tìnnì ṣe ń jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà yín náà ni mo ṣe máa pè é.

Ẹ rí i pé iná wà, tàbí pé bátìrì kún dáadáa. Tókunbọ̀ tí bátìrì ẹ̀ kì í tó jẹ́ kéèyàn parí lẹ́tà kan, tí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń yọ nǹkan lọ́wọ́, ìdajì á kúrò, ìdajì á kù, ìyọnu ìyẹn sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Start, ẹ kọ “create a restore point”, ẹ ṣí èyí tó bá jáde, kí ẹ sì tẹ Create nísàlẹ̀. Bí Create bá kọ̀ tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ Configure, kí ẹ yan Turn on system protection. Bí nǹkan bá dàrú, ibi tí ẹ sàmì sí yìí ni ẹ lè dá Windows padà sí.

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń jí fúnra ẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí. Bó bá kéré lójú yín, ẹ tẹ More details. Ẹ lọ síbi Startup. Startup apps ló ń jẹ́ nínú Windows 11. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí High, Medium tàbí Low. Àwọn High yẹn ló ń mú kí ẹ gbé omi tíì kaná kí kọ̀ǹpútà tó ṣe tán.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà gbé láptọ́ọ̀pù tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá. Mo tan án. Wọ́n ní, “Jókòó o, ọmọ mi, ó máa pẹ́.” Ó sì pẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo ṣí Startup, antivirus (ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì) méjì ló wà níbẹ̀, ètò tórẹ́ǹtì tí ọmọ-ọmọ wọn fi ń wa fíìmù, ètò ìtẹ̀wé ti prínítà tí ọmọ wọn kò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, àti Skype.

“Mà, ta ló ń lo Skype?”

“Ọmọ mi la fi ń bá sọ̀rọ̀ nígbà Kòrónà.”

“Mà, Microsoft ti ti Skype pa láti oṣù karùn-ún ọdún 2025.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ó ṣì ń bá mi jí láràárọ̀!”

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ tí ẹ kò fẹ́, kí ẹ yan Disable. Disable ò pa nǹkan kan rẹ́. Ó kàn ní kí ètò náà máa sùn títí ẹ ó fi pè é fúnra yín ni. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Bí ẹ bá Disable ohun tí ẹ padà nílò, Enable ló kàn. Èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ ni Windows Security, Realtek tó ń bójú tó ohùn, àti ti pátákó ìfọwọ́tẹ̀ (touchpad) láptọ́ọ̀pù, tó sábà máa ń jẹ́ Synaptics tàbí ELAN.

Ó wá kan yíyọ gan-an. Ẹ lè gba inú Settings, kí ẹ tẹ Apps, lẹ́yìn náà Installed apps, tàbí Apps & features nínú Windows 10. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni mo fẹ́ràn: ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ appwiz.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó ń sọ ẹni tó ṣe ètò kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ Publisher, ó sì ń sọ ọjọ́ tó wọlé. Ẹ tẹ Installed On kí èyí tó wọlé gbẹ̀yìn bọ́ sókè. Bí ìlọ́ra náà bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ohun tó wọlé lóṣù tó kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló, oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn, tó máa padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni antivirus ọ̀fẹ́ tó bá láptọ́ọ̀pù wá látilé iṣẹ́. Ọjọ́ ẹ̀ ti tán, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́, ó ṣì jókòó sígun ojú kọ̀ǹpútà, ó ń bèèrè owó. Ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, Microsoft Defender tó ti wà nínú Windows á gba iṣẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sì gba owó. Antivirus méjì nínú ẹ̀rọ kan kì í dáàbò bo yín ní ìlọ́po méjì. Fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì á máa yẹ̀ wò. Ẹ fara balẹ̀ ka bọ́tìnnì nígbà tí ẹ bá ń yọ irú wọn: èyí tó tóbi tó sì láwọ̀ sábà máa ń ní kí ẹ jẹ́ kó dúró, èyí tó máa yọ ọ́ á wà nísàlẹ̀ nínú lẹ́tà kékeré aláwọ̀ eérú.

Àwọn tó tún gbọ́dọ̀ lọ ni ètò tó ní òun máa “fọ” kọ̀ǹpútà tàbí tó ní òun máa wá dráífà (ètò kékeré tó ń mú kí apá kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) tuntun fún yín, géèmù tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣeré mọ́, àti krákì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń lo ètò olówó láìsanwó. Krákì tó ní kí ẹ pa antivirus kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ ti jẹ́wọ́ ohun tó wá ṣe.

Ẹ má fọwọ́ kan Microsoft Visual C++ Redistributable. Ó lè tò sílẹ̀ rẹrẹ, ti 2010, ti 2013, ti 2015 lọ sókè, kí ẹ rò pé ọ̀kan náà ló ń tún ara ẹ̀ ṣe. Rárá o. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó gbára lé. Kò sì gba àyè púpọ̀. Ohunkóhun tó bá ní Intel, AMD tàbí NVIDIA lórúkọ, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú Chrome, ẹ kọ chrome://extensions sókè níbi àdírẹ́sì, àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n fi kún Chrome á tò jáde, kí ẹ tẹ Remove sí gbogbo èyí tí ẹ kò mọ bó ṣe débẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú Settings ti Chrome fúnra ẹ̀, lábẹ́ System, ẹ pa “Continue running background apps when Google Chrome is closed”. Dátà yín á sì pẹ́ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, Restart ni kí ẹ tẹ̀. Shut down kò tó, torí Fast Startup máa ń jẹ́ kí Windows tọ́jú apá kan ara ẹ̀ pa mọ́ dìgbà tí ẹ bá tún tan án.

Bí àyè bá ṣì kéré, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ Remove files: Downloads wà nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa ń kó ìwé gidi sí. Ẹ má ṣe máàkì sí i.

Tó bá ṣì ń lọ́ra lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ padà sí Task Manager, ẹ tẹ Performance, lẹ́yìn náà Disk. Bí wọ́n bá kọ HDD (díìsìkì àtijọ́ tó ń yí) síbẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì ń gun 100% nígbà gbogbo, ẹ lọ fi SSD, ìyẹn irú tuntun tí kì í yí tó sì yára jù ú lọ, pààrọ̀ ẹ̀. 256GB tó fún ilé. Ẹ sì gba HDD àtijọ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó bá bá yín pààrọ̀ ẹ̀, torí ohun yín ṣì wà nínú ẹ̀.