Kíréètì ẹyin ló jẹ́ kí móòlù yé mi

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fẹ́ jókòó ṣe WAEC rèé, kẹ́mísìrì ló sì gbé mi ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí n yí gíráàmù padà sí móòlù, kí n tún yí móòlù sí iye mólékù, ibẹ̀ ni orí mi ti máa ń dàrú.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó ti màámi ní ìsọ̀ ẹyin wọn l'Ọ́yìngbò, ìwé wà lórí itan mi. Ìbéèrè náà ní: átọ́ọ̀mù háídrójìn mélòó ló wà nínú omi gíráàmù 9? Mo kàn sọ 6.02 × 10²³, nọ́ńbà tí wọ́n kọ́ wa mọ́ móòlù, di ìlọ́po 9, mo fa ìlà sí i nídìí.

Oníkéèkì kan dé, ó ní ẹyin 90 lòun fẹ́. Màámi ò ka ẹyọ kan. Wọ́n nawọ́ sí kíréètì mẹ́ta, wọ́n ní, "Ńlá ni àbí kékeré?" Kíréètì ẹyin ńlá wúwo ju ti kékeré lọ, owó wọn náà ò dọ́gba, ṣùgbọ́n 30 ló wà nínú kálukú.

Mo bá padà wo ìwé mi. Kíréètì ni móòlù! Dípò 30, 6.02 × 10²³ ló ń gbà. Kíréètì omi wọn gíráàmù 18, ti iyọ̀ 58.5, ti ṣúgà 342. Kóńgò ni mo ti máa ń fi wé e tẹ́lẹ̀, kò sì bá a mu, torí hóró inú kóńgò ìrẹsì àti ti ẹ̀wà kì í dọ́gba. (Amedeo Avogadro, ọmọ Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iye 6.02 × 10²³ yìí, ti kú ní 1856 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.)

Gíráàmù 9, níbi tí odidi kíréètì ti jẹ́ 18: ìdajì ni, 0.5 móòlù. Mólékù 3.01 × 10²³ nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí n dúró síbẹ̀, àmọ́ háídrójìn ni wọ́n bèèrè, méjì ló sì wà nínú H₂O kọ̀ọ̀kan. Ó di 6.02 × 10²³.

Èyí tó tẹ̀ lé e fún mi ní mólékù CO₂ 1.204 × 10²⁴, ó ní kí n wá ìwọ̀n rẹ̀. Níbi tó yẹ kí n ti fi 6.02 × 10²³ pín in, mo tún fi sọ ọ́ di púpọ̀. Gíráàmù tó jáde lé ní 3 × 10⁴⁹. Oòrùn tó ń pa wá lórí nínú ọjà ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo pín in, ó jẹ́ kíréètì méjì. Kíréètì CO₂ kan wọn gíráàmù 44, lọ́nà méjì, gíráàmù 88.

Mo wá fi pure water tí mo ń mu dán ara mi wò. 50cl, ìyẹn gíráàmù 500. Mo fi 18 pín in, ó fún mi ní 27.8 móòlù. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, mo tẹ 6.02, mo tẹ × 10, mo tún tẹ EXP 23. Èsì náà fi ìlọ́po mẹ́wàá ju bó ṣe yẹ lọ, torí EXP ti gbé 10 tirẹ̀ dání. Bọ́tìnnì yìí ti jẹ máàkì mi rí, ó dá mi lójú.

Màámi bèèrè iye tí mo rí nínú omi náà. Mo ní mólékù 1.67 × 10²⁵. Wọ́n ní ó dáa, kí n dìde wá bá àwọn ṣa àwọn tó ti sán kúrò nínú kíréètì.