Bí mo ṣe tú cryptic crossword nínú ariwo Tánkẹ̀

Ibi tí ariwo bá wà ni mo máa ń gbé cryptic crossword lọ, eré ọ̀rọ̀ tí à ń kọ lẹ́tà ìdáhùn sínú àpótí, tí ìbéèrè rẹ̀ sì kún fún ẹ̀tàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tó pa rọ́rọ́ ló yẹ iṣẹ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ti crossword yìí yàtọ̀. Ẹni tó bá ka ìbéèrè rẹ̀ já geere bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ti kó sí pańpẹ́ ẹni tó ṣe é. Ariwo kì í jẹ́ kí n kà á já geere. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn máa ń wà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi eléyìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní ó le. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo mú pẹ́ńsù àti írésà, mo kọrí sí ilé kọfí kan ní Tánkẹ̀, lọ́nà Yunifásítì Ìlọrin. Ọ̀sán Sátidé ni, ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí ń han, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń fun fèrè lójú títì.

Àpótí 15 ló wà níbùú, 15 lóòró. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní apá méjì: ìtumọ̀ ìdáhùn gan-an, tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, àti eré tí wọ́n fi lẹ́tà ṣe. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń sọ iye lẹ́tà ìdáhùn. Kí èèyàn mọ ibi tí wọ́n ti so apá méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú ni “Animal held by cargo attendant (4)”. Ẹni tó bá kà á já á máa wo òṣìṣẹ́ kan tó di ẹran mú. Mi ò wo òṣìṣẹ́ kankan. “Held by” ń sọ pé ẹranko náà fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e: carGO ATtendant. GOAT.

“Ruined reign of African flower (5)” ló dá mi dúró títí kọfí mi fi tutù. Mo tètè rí “ruined”: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ tàbí tó dàrú máa ń jẹ́ àmì pé kí á da lẹ́tà ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rú, kí á tún un tò. REIGN ní lẹ́tà márùn-ún. G inú GOAT sì ti wà láàárín àpótí náà. Òdòdó Áfíríkà wo nìyẹn?

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ti wá bá mi pín tábìlì nítorí àyè ti tán. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, kí lẹ ń ṣe?” Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ló gbé crossword àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, ìbéèrè tààrà sì ni tirẹ̀. England ni ẹ̀tàn ti wọ̀ ọ́ ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí Edward Powys Mathers ń fi orúkọ Torquemada ṣe tirẹ̀ fún ìwé ìròyìn Observer.

“Àlọ́ àpamọ̀ mà nìyí,” ó ní.

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ní “Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́,” ahọ́n ló ń sọ, kì í ṣe obì. Mo tún wo “flower”. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni “flow”, kí omi máa ṣàn. Ohun tó ń ṣàn kẹ̀? Odò! NIGER. Odò Ọya tó gba Jẹ́bbà kọjá, nínú Kwara wa níbí. Mo fọwọ́ gbá tábìlì. Inú mi dùn gan-an ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, apá òkè kún kíákíá, ìsàlẹ̀ náà ń tẹ̀lé e. Ó wá ku “Left harbour (4)”. Ọ̀rọ̀ méjì péré, kò sí àmì ìdàrú, kò sí ohun tó fara pamọ́. Ó jọ ọkọ̀ ojú omi tó ti kúrò ní èbúté. Níta, ẹnìkan ń darí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó fẹ́ jáde: “Òsì! Já a sósì!” Ọwọ́ òsì! Àwọn atukọ̀ ń pe apá òsì ọkọ̀ ojú omi ní “port”, èbúté náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. PORT: ìtumọ̀ méjì tí wọ́n tò síra wọn. Ìdí tí mo fi ń wá ibi ariwo nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà ní kí n fún òun ní ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sétí bébà: “Not working, a Kwara town (4)”. Ó kà á lẹ́nu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: off… a… Ló bá pariwo, “OFFA! Ìlú bàbá mi! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!” Àwọn tó wà nítòsí yíjú wò wá.

A wá jọ ṣe ti Ìlọrin kí á tó dìde: “Spilt oil right in Kwara’s capital (6)”. Ìdáhùn ti hàn sí yín. Bí lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe débẹ̀ ni kí ẹ sọ fún mi.