45 kan ò jọ 45 kan: bí mo ṣe ń fi rìfọ́fà àtijọ́ wéra

Orí tábìlì oúnjẹ nílé mi ní Houston ni mo ti ń ṣe é, lórí aṣọ funfun kan. Bí mo bá gbé rìfọ́fà ńlá méjì, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ onísílíńdà, kalẹ̀, mi ò kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Màá ṣí sílíńdà, ìyẹn agolo tó ń yí tó ń gba ọta mẹ́fà, màá sì ti ìka bọ ihò kọ̀ọ̀kan títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi pé. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà ló ń lò. Kò sí ìbọn tó gbà lọ́wọ́ èèyàn rí tí kò kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ wò, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì ṣe èyí, ẹ má ka ìyókù.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ìbú ọta, bí .45 íǹṣì, ló ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọn jọ, ọkùnrin kan ta Webley Mark VI kan, rìfọ́fà Bìrìtìkó, fún mi, ó sì fi páálí ọta .45 ACP kan lé e. Ó ní 45 ni, 45 náà ni. Lóòótọ́ ọta náà wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ti sílíńdà pa, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri irin tó yẹ kó fara tì pọ̀ jù. Wọ́n ti rẹ́ ẹ̀yìn sílíńdà náà kúrò kí ọta Amẹ́ríkà lè gbà níbẹ̀. Ọta .455 ti Bìrìtìkó ni wọ́n ṣe Webley fún. Agbára tí .45 ACP fi ń ti irin ihò ga ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń dán ìbọn náà wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń yin ín bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì tún ń bí mi báyìí tí mo ń kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ ra kálípà, irin tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, kí ẹ sì wọn gígùn idẹ ọta fúnra yín. .45 Colt, tó jáde ní 1873 pẹ̀lú rìfọ́fà Colt Single Action Army, gùn tó íǹṣì 1.285. .45 ACP ò ju íǹṣì 0.898 lọ. Irú .455 tó wọ́pọ̀ jù kúrú jù wọ́n lọ, íǹṣì 0.77. Ẹ má rò pé èyí tó gùn ló lágbára jù. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kún .45 Colt, ẹ̀tù dúdú a sì máa gba àyè. Títí dòní, ìwọ̀n agbára rẹ̀ kò ju 14,000 psi (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan) lọ, nígbà tí .45 ACP kékeré yẹn ń lọ sí 21,000.

Etí ìdí ọta ni ẹ óò wò tẹ̀ lé e. .45 Colt ní etí tó yọ síta, òun ló ń dá a dúró kó má rì sínú ihò. .45 ACP ò ní, torí ìbọn ìléwọ́ tó ń gbé ọta fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò tó fún àwọn ọmọ ogun, ni ilé iṣẹ́ Colt àti Smith & Wesson bá lu ihò rìfọ́fà ńlá wọn fún ọta aláìletí yìí. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá kó ọta mẹ́ta mẹ́ta pọ̀, kí ohun tó ń ti ọta jáde lè rí nǹkan gbá mú. Smith & Wesson ní ìtẹ̀gùn kékeré nínú ihò tí ẹnu idẹ ń gúnlẹ̀ sí, ó lè yìn láìsí irin yẹn. Colt tó kọ́kọ́ jáde ò ní in. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ihò náà wò kí ẹ tó sanwó.

Smith & Wesson 1917 tèmi wà lára èyí tí ìjọba Brazil rà. Àmì orílẹ̀-èdè wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá 1889 sì wà nínú àmì náà. Mo ti gbọ́ tí olùtajà kan ń pè é ní ìbọn 1889! Ọjọ́ tí Brazil di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ nìyẹn o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ìbọn.

Ní ti ara ìbọn, Colt New Service, ti 1898, ló ki jù lọ́wọ́. Ìka mi ò gùn, mo ní láti na án kó tó dé ibi tí a ń fà. Ẹ̀yìn ni ẹ óò fa ìdè sílíńdà Colt sí, iwájú ni ẹ óò ti ti Smith & Wesson. Ti Colt ń yí sápá ọ̀tún, èkejì ń yí sápá òsì. Ẹ fa òòlù ẹ̀yìn wọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà òfìfo: ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tì pa kí òòlù tó dé ẹ̀yìn pátápátá.

Àwọn .44 ò le. Ọta mẹ́ta ni: Russian gùn tó íǹṣì 0.97, Special 1.16, Magnum 1.285, ìbú wọn ò sì yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi gígùn yẹn dènà ni, kí Magnum má bàa wọ ìbọn àtijọ́. Bí ẹ bá rí ìbọn .44 Special àtijọ́ tí Magnum wọlé sínú rẹ̀ pátápátá, ẹnì kan ti lù ú jìn sí i. Ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀.

Webley mi ṣì wà nínú àpótí irin, mi ò tíì yin ín rí. Mo so páálí kékeré kan mọ́ ọn, mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n má fi .45 ACP sí i. Ọmọ mi obìnrin ni yóò jogún rẹ̀, mi ò sì ní sí ńbẹ̀ láti ṣàlàyé.