Bí mo ṣe to ìwé físà àbúrò mi láti Abẹ́òkúta tó fi bá ọkọ rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ọkọ àbúrò mi ń gbé ní Ìlú Ọba, àbúrò mi sì wà lọ́dọ̀ wa ní Ìbàrà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó kóòtù tí wọ́n ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ l'Áké, èmi ni ẹbí gbé ọ̀rọ̀ ìwé lé lọ́wọ́, torí wọ́n mọ̀ pé mo ní sùúrù láti jókòó ka òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń kọ èyí nítorí mo ń rí àwọn ará wa tó ń ta ilẹ̀ láti sanwó físà tí òfin kò ṣí sílẹ̀ fún irú wọn rárá.

Kí n tó dárúkọ owó kankan, mo bi àna wa pé, "Irú ìwé wo gan-an lẹ fi ń gbé lọ́hùn-ún?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ILR ni." Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó ní ILR lè máa gbé ibẹ̀ láìsí gbèdéke ọdún, òun àti ọmọ onílùú sì lè pe ìyàwó tàbí ọkọ wá lábẹ́ òfin ẹbí. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà iṣẹ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ìwé ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ kàwé, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2024, kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá ń ṣe PhD tàbí Masters oníwàádìí, tàbí tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú arúgbó tó kọ̀wé gba físà láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọn kò lè mú ẹbí wọn wá.

Ìyàwó kan tí mo mọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, ọkọ rẹ̀ wà nínú àwọn olùtọ́jú arúgbó yìí. Ajẹ́ńtì kan ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun mọ ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà kankan. Ká ní ẹnìkan ti bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi àna wa, owó ọjà obìnrin náà ìbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí gidi.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló gbà wá lákòókò jù. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2024, £18,600 lọ́dún ni ẹni tó ń pe ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbà. Láti ọjọ́ 11 oṣù yẹn, ó di £29,000. Owó oṣù àbúrò mi ní Òkè-Mọ́sàn kò sì sí nínú ìṣirò náà, torí kò tíì sí ní ìlú wọn. Ti ọkọ nìkan ni wọ́n ń wò. Owó tí àna wa ń gbà níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò tó £29,000. Ó ti bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tí owó rẹ̀ kò sì wálẹ̀ láàárín ìgbà náà, ìwé oṣù 6 yẹn tó. Ẹni tí kò bá tíì lo oṣù 6 gbọ́dọ̀ fi hàn pé láàárín oṣù 12 tó kọjá pàápàá, owó tó wọlé fún òun tó iye tí òfin sọ. Ti àna wa kò tó.

Mo ní kí a dúró. Inú ẹbí kò dùn sí i. Màmá ní kí a máa fi ìwé ránṣẹ́, Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà. Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà náà títí oṣù 6 yóò fi pé." A dúró lóòótọ́. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, ìdúró yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù.

Láàárín ìgbà tí à ń dúró, ajẹ́ńtì kan ní Kútọ̀ ní òun lè bá wa yá owó sínú àkáǹtì kí báǹkì àna wa lè kún. Òfin fi àyè sílẹ̀ lóòótọ́ fún ẹni tí kò ní owó oṣù tó tó láti lo owó ìpamọ́, ṣùgbọ́n £88,500 ni fún ẹni tí kò ní owó mìíràn tó ń wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ onítọ̀hún fún oṣù 6. Ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó fi irọ́ tàbí ayédèrú ìwé gba físà, wọ́n lè tì í mọ́ta fún ọdún 10. Mo kí bàbá náà pé ó dàárọ̀, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí oṣù 6 pé, mo ní kí àna wa kó ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan wá, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báǹkì tí owó náà ti wọlé. Mo fi biro pupa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì: iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé owó oṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wọ báǹkì. Oṣù kan kò sí níbẹ̀. Ó lọ gbà á lọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti bó ti pẹ́ tó tó ti ń gba iye náà. Ìwé owó tó kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ kí a tó fi ohun gbogbo ránṣẹ́, nítorí náà a kò lè fi falẹ̀ mọ́.

Orúkọ náà fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ kan wà nínú ìwé ìbí àbúrò mi tí kò sí nínú páspọ́ọ̀tù. A lọ búra ní kóòtù májísíréètì n'Ísàbọ̀, mo sì kọ àlàyé kúkúrú mọ́ ọn. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì FUNAAB ló ti gboyè, ṣùgbọ́n oyè láti Nàìjíríà nìkan kò tó: Ecctis, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ oyè ilẹ̀ òkèèrè wò ní Ìlú Ọba, gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ó bá ti ọ̀dọ̀ wọn dọ́gba, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ní oyè yóò ṣe ìdánwò sísọ àti gbígbọ́.

Àyẹ̀wò ikọ́ fée, Èkó la lọ, lọ́dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Oṣù 6 péré ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò, ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó tètè ṣe é.

Fún ẹ̀rí pé tọkọtaya ni wọ́n lóòótọ́, mi ò kó gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp wọn dà síbẹ̀. Mo mú díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí àna wa fi wá ṣe ìdána kún un, àti fọ́tò tí ẹbí méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù pé ìyàwó lè wá máa gbé ibẹ̀.

Owó ìlera, èyí tí wọ́n ń gbà kí ènìyàn lè lo ilé ìwòsàn ìjọba wọn, yàtọ̀ sí owó físà. £1,035 ni fún ọdún kan, físà oṣù 33 sì ni wọ́n ń fúnni, wọ́n á kà á sí ọdún 3: £3,105 lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọn ò bá fúnni ní físà, wọ́n ń dá owó ìlera padà, ṣùgbọ́n owó físà lọ nìyẹn.

Ibi tó nira jù láti sọ ni ti Màmá. Wọ́n ti ń retí pé ọmọ wọn á mú wọn dání. Láti oṣù Keje 2012, òbí tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí, àìsàn tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kó lè dá wẹ̀ tàbí dá jẹun, tí kò sì sí ìtọ́jú tó péye fún un nílé. Màmá ń dá lọ sọ́jà. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé fún wọn pé físà àbẹ̀wò wà, wọ́n lè lo tó oṣù 6 lọ́dọ̀ ọmọ wọn kí wọ́n sì padà wálé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn tọ́jú páspọ́ọ̀tù wọn.

Físà àbúrò mi jáde, ó sì ti wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Kí oṣù 33 náà tó parí, wọ́n á tún béèrè fún oṣù 30 mìíràn, wọ́n á tún fi ìwé owó hàn, lẹ́yìn ọdún 5 ló tó lè béèrè ILR tirẹ̀. Wọ́n máa fẹ́ rí i pé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé, nítorí náà mo ní kí àna wa fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ kún ìwé iná àti àdéhùn ilé. Ó ti ṣe é.