Ẹ̀yin tó ń wá òjé pọ́ọ́kú ní Òṣogbo, àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó rèé

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà wá bá mi nílé. Òógùn bò ó, àmọ́ ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo òjé tí mo rí rà. Kílò 22!" Mo mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, mo jù ú sórí sìmẹ́ǹtì. Ó dún gbin bí agogo iléèwé. Mo mú òmíràn, gbin. Nígbà tí a dà á sílẹ̀ tí a ṣà á tán, òjé gidi inú rẹ̀ kò tó kílò 5. Síńkì àti irin ni gbogbo ìyókù.

Òjé àwọ̀n ni ọmọ yìí fẹ́ máa dà fún àwọn tó ń pẹja lódò Ẹrinlẹ̀. Gbogbo owó tó tù jọ ló kó lé pàǹtí. Ó ká mi lára gan-an, torí òun ni ìkẹrin tí mo máa rí lọ́dún yìí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì gbà ṣubú. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé níbí. Ẹni tó bá ń ka èyí ti mọ̀ pé ìta gbangba là ń dá iná rẹ̀, ó mọ̀ pé ìkòkò tó bá ti yọ́ òjé kò tún gbọdọ̀ se ọbẹ̀ láéláé, ó sì ní ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń rí ohun tí a ó yọ́ ló wà lọ́kàn mi.

1. Pípe òjé ní lẹ́ẹ̀dì, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ bá lọ bá àwọn atúnrédíò-ṣe ní Ọláìyá, kí ẹ ní lẹ́ẹ̀dì lẹ ń rà, wáyà rírọ̀ tí wọ́n fi ń jó rédíò ni wọ́n máa kó fún yín. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, nínú ìdá 100, nǹkan bí 60 kì í ṣe òjé rárá. Táńganran (tin) ni, táńganran sì wọ́n ju òjé lọ jìnnà. Mo mọ ẹni tó ra róòlù mẹ́jọ, tó yọ́ gbogbo rẹ̀ ṣe òjé ìwọ̀. Ẹ béèrè òjé. Àwọn ìyá àgbà ìlú yìí mọ̀ ọ́n dáadáa, ọwọ́ àwọn ọmọ Ọbàtálá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, òjé tí wọ́n bá sì ti fi sí ẹni yẹn lọ́wọ́ kò ṣeé bọ́ mọ́. Bí ẹni tí ẹ bá pàdé bá kéré jù láti mọ òjé, ẹ ní irin bálánsì táyà.

2. Gbígbé bọ́kẹ́ẹ̀tì láì tú u wò. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bálánsì táyà ni òjé pọ̀ sí jù nílùú yìí. Irin wínńwínní tí wọ́n ń gbá mọ́ etí rímù, tí wọ́n bá ti yọ ti àtijọ́, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Nígbà kan rí, ẹni tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, òjé ló gbé. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin de òjé lára táyà mọ́tò kéékèèké, mọ́tò tòkunbọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá kò sì ní gbé ohun mìíràn bọ̀ létí rímù ju síńkì àti irin lọ. Síńkì ń pọ̀ sí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, owó òjé ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. N kò bá ẹni tó ń bálánsì táyà jà. Òun náà kò mọ̀. Pàǹtí ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ mú pílíásì dání. Ẹnu pílíásì a wọ ara òjé pẹ́lẹ́, á fi ojú ihò sílẹ̀. Lórí síńkì ó kàn máa yọ̀ ni. Ẹ fi èékánná ha á, òjé a gba ìlà. Ẹ fi fa ara bébà, á kọ bíi pẹ́ńsùlù. Ẹ jù ú sílẹ̀, gbì ni òjé ń dún. Òkúta mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá yọ lára sípíkà tó bàjẹ́ á fa gbogbo irin jáde ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan tiẹ̀ ní lẹ́tà lára tí ẹ bá nù ún: Pb ni òjé, Zn ni síńkì, Fe ni irin. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ṣà á lójú ẹni tó ni ín, kí ẹ wọn kìkì òjé. Bí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lódindi, ẹ dín owó kù tàbí kí ẹ máa lọ.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, Alhájì oníkọ̀ndẹ́mù kan ní Sábó ta bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì fún mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, mo fẹ́ná débi pé ìdí ìkòkò pọ́n. Òjé a máa yọ́ ní nǹkan bí 327 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, síńkì kì í yọ́ àfi tí iná bá dé nǹkan bí 420. Ká ní mo rọra ṣe é ni, síńkì ì bá léfòó, mà bá fi ṣíbí gbọ̀n ọ́n dànù. Èmi yọ́ ọ pọ̀. Ohun tó wà nínú ìkòkò ṣe kókó bí ògì tí omi rẹ̀ kò hó. Mo dà á sínú móòdù, ó dì lójú ọ̀nà, kò dé kọ̀rọ̀ kankan. Ó lé ní kílò 30 tó ṣòfò. Ó ṣì wà nínú àpò kan ní ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní, mo máa ń fi han àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́. Látìgbà náà, kété tí òjé bá ti yọ́ ni mò ń dín iná kù, ohunkóhun tó bá sì léfòó kò wọ móòdù mi.

3. Bátìrì. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kò ní sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò kúkú fọ́ bátìrì? Òjé ló kún inú rẹ̀." Òótọ́ ni, òjé ló kún inú rẹ̀. Bátìrì mọ́tò máa ń wọ̀n tó kílò 15 sí 20, ó sì ju ìdajì lọ tó jẹ́ òjé. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣírò rẹ̀ á rò pé òun ti là. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú òjé yẹn ti di ẹrẹ̀ dúdú àti ẹrẹ̀ pupa tí wọ́n rẹ́ mọ́ ara àwo inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn kò ní yọ́ lórí iná àgbàlá yín. Ìléru ńlá, tí wọ́n ti po èédú mọ́ ọn, ló ń sọ ọ́ di òjé padà. Ohun tí ẹ̀yin máa rí kò ju orí bátìrì, okùn tó so àwọn àwo pọ̀, àti egungun àwo lọ. Ìyókù á di eérú, èéfín rẹ̀ á wọ imú yín.

Mo ṣe é rí, mo sì ní ẹ̀rí. Mo ra bátìrì kọ̀ndẹ́mù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ́wáyà kan, mo kó wọn sẹ́yìn ilé, mo fi àáké là wọ́n. Mo da ásíìdì inú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ebè ewédú ìyàwó mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ewédú yẹn ti rọ, ewé rẹ̀ dàbí èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìyàwó mi fọ̀ ọ́ tán tó sá a, ihò wẹ́wẹ́ ló kún itan rẹ̀ bí asẹ́. Mo yọ́ gbogbo ohun tó jáde nínú bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé e lé ìwọ̀n: kò pé kílò 4. Owó tí mo fi ra bátìrì ì bá ra òjé tó ti mọ́, tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì nígbà náà. Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé yẹn ló fi ń ṣeré, ó ń bù ú sínú agolo, ó ń fi ọwọ́ kan náà jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, tí òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ju 400 lọ, oorun dá lójú mi. Mo wá gbọ́ ti Thiaroye-sur-Mer ní Dakar, ibi tí ọmọ 18 ti kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, torí pé àwọn òbí wọn ń fọ́ bátìrì tí wọ́n sì ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ láti wá òjé. Bátìrì ni. Irú ohun tí mo ṣe gan-an. Mo da kọnkéré lé gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ń lọ sí iléèwé, àmọ́ mi ò mọ ohun tó wọ inú ara rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì lè yọ ọ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Kódà tìróò tí à ń lé sójú ọmọ, òkúta tó ní òjé nínú ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ fún un. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá yín.

Ìdí mìíràn tún wà. Wọ́n máa ń po áńtímónì, kálísíọ̀mù, nígbà mìíràn ásẹ́níìkì, mọ́ àwo bátìrì. Bí omi bá kan ìdàrọ́ rẹ̀, gáàsì tó ń pa èèyàn lè jáde níbẹ̀. Ìbomú oníbébà kò lè dá a dúró. Nítorí náà, ẹ má fọ́ bátìrì, ẹ má ra àwo tí ẹlòmíràn fọ́, ẹ má sì gba búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá ní inú bátìrì ló ti jáde. Bí bátìrì kọ̀ndẹ́mù bá wà nílé yín, ẹ gbé e lọ fún oníkọ̀ndẹ́mù bó ṣe wà, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, lódindi. Bátìrì odindi lówó lórí. Ẹ fi owó rẹ̀ ra òjé mímọ́, tàbí kí ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ níbẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọwọ́ mi kò sì kan ásíìdì mọ́.

Ẹ má ra òjé tí wọ́n bó lára wáyà abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó hú u kì í ṣe ẹni tó ni ín, ọlọ́pàá kò sì ní wá a lọ kí wọ́n tó wá ẹ̀yin tó rà á.

Tí ilé ìwòsàn bá ń tún yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun ṣe, òjé pẹlẹbẹ lè jáde lára ògiri rẹ̀. Ó rọ̀, ó mọ́, ẹ rà á tí ìwé rẹ̀ bá wà. Àmọ́ àpótí tàbí kòkò òjé kékeré tó wúwo, tó ní àmì abẹ́bẹ̀ mẹ́ta lára, ìyẹn àmì ìtànṣán tó ń pa èèyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣí i, ẹ má gbé e wálé.

Búlọ́ọ̀kù tí ẹlòmíràn ti dà, ẹ fi ayùn irin gé e sí méjì kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí bóòtì inú rẹ̀. Irin fúyẹ́ ju òjé lọ. Ohun tó bá tóbi tó ike lítà kan nínú òjé gbọ́dọ̀ wọ̀n ju kílò 11 lọ. Bí ó bá wọ̀n 9, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Kí òjé tí ẹ rà gbẹ dáadáa. Òjé àwọ̀n tó ti odò wá, omi a máa fara pamọ́ sínú ihò rẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ẹ kó o sínú ìkòkò tútù kí ẹ tó dáná. Ẹ má sọ ọ́ sínú èyí tó ti yọ́. Ẹ̀kán omi kan péré ló sọ òjé gbígbóná kọjá orí mi lọ́jọ́ kan lóṣù Keje, ó lẹ̀ mọ́ páànù òkè.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé àtijọ́ wá kù. Àṣìṣe tibẹ̀ ni pé ẹni tó bá rí lẹ́tà òjé wọn á kàn yọ́ ọ ṣe òjé àwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà yẹn ní áńtímónì àti táńganran nínú, ó le, ó sì máa ń kún gbogbo kọ̀rọ̀ móòdù. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe, ẹ bu díẹ̀ sínú òjé rírọ̀ tí ẹ bá fẹ́ da ère tí ojú àti ìka rẹ̀ máa hàn. Baba kan tó ti pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tì látìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ta dúrọ́ọ̀ mẹ́rin fún mi. Mo ti fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kí n tó ṣàkíyèsí pé àwọn kan kéré ju ìyókù lọ, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ ní ìdí. Mo fi àtàǹpàkò nù wọ́n. Lẹ́tà Yorùbá ni wọ́n: ẹ ni, ọ ni, ṣ ni. Ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo ṣà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó ṣáná, wọ́n sì wà nínú agolo mílíìkì tí mo dé lómọrí lókè àjà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.