Igbó Orí Iyanrìn Létí Odò: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ àti àyíká ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé àdá wọ igbó orí iyanrìn tó wà létí odò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó hù síbẹ̀ fúnra ẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní kówó tó jáde lápò.

Tẹ́ ẹ bá gbéra láti etí omi lápá ibi tí odò Ọ̀ṣun ti ń wọ ọ̀sà, igi ògùrọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, inú ẹrẹ̀ ló fẹ́ràn. Tẹ́ ẹ bá gòkè díẹ̀, ẹ ó rí abura àti ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé orí iyanrìn gbígbẹ, awín, ìyeyè, orin àta àti asofẹ́yẹjẹ lẹ máa bá níbẹ̀, gbégbé á wà nísàlẹ̀ wọn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí awín pẹ̀lú orin àta tó pọ̀, ẹ mọ̀ pé omi kì í dúró níbẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn tó ìgbọ̀nwọ́, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ fún un pọ̀, tó bá fọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń la ọwọ́, iyanrìn ni. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn dáadáa, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà lókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ pọ́n tàbí kó funfun. Inú ìlà dúdú yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ilẹ̀ yẹn wà, ewé tó já bọ́ tó sì jẹrà ló dá a sílẹ̀. Òjò wa pọ̀, ó máa ń le lóṣù kẹfà, á tún padà le lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, iyanrìn ò sì lè mú omi dúró, ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá da gbogbo fatiláísà sí ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òjò á fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ò lè dé. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa tún dára ju ìyẹn lọ.

Iná gan-an ló ń dùn mí jù. Tẹ́ ẹ bá ń sun igbó yẹn lọ́dọọdún, ìlà dúdú yẹn á tán, ọmọ awín tó ń hù bọ̀ á kú, ẹ̀kan á wá gba ilẹ̀ torí pé ìtàkùn ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí iná ò dé. Àwọn tó ti wa ẹ̀gẹ́ nínú oko ẹ̀kan mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ó máa ń gún iṣu ẹ̀gẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tó gbà wọlé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀kan ò fẹ́ràn òjìji rárá, nítorí náà ẹ ro ó kó tó rúwé gíga, kẹ́ ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ànàmọ́ bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbin òtìlí yíká.

Orin àta tẹ́gùn-ún wà lára ẹ̀ yẹn, tó máa ń ta ahọ́n, tí ahọ́n á sì wá kú tipiri, gbòǹgbò ẹ̀ làwọn èèyàn ń wà tà. Ẹ má hú u tán. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni kẹ́ ẹ ti gé e, kẹ́ ẹ da iyanrìn padà bò ó. Tó bá sì dìgbà awín lẹ́ẹ̀rùn, ẹ má gé ẹ̀ka lulẹ̀ torí èso, igi yẹn ò yára dàgbà, ó ṣòro kí ẹ̀ka mìíràn tó rọ́pò ẹ̀.

Kajú ṣe é gbìn sórí iyanrìn yìí, ẹ fi nǹkan bíi mítà 10 sáàárín igi kan sí ìkejì, àgbọn náà máa ṣe dáadáa. Ẹ má gbìn kajú sọ́dọ̀ ògùrọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò fẹ́ ẹrẹ̀. Igi tó wà létí bèbè odò, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, kò sí ohun mìíràn tó di iyanrìn yẹn mú, bẹ́ ẹ bá gé e omi á máa jẹ oko yín lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé síbẹ̀ náà, ewé tẹ́ ẹ bá gbá lójúde láàárọ̀, ẹ má dáná sun ún. Ẹ kó o sídìí àgbọn tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kan ara igi náà.