Omi ẹ̀fọ́ ló ń ba ẹyin inú ófùnù jẹ́

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin yà sílé wa ní Kubwa, l'Ábújá, ní nǹkan bí aago 11, oúnjẹ àárọ̀ ti kọjá, tọ̀sán ò sì tíì yá. Dòdò àti ẹyin díndín ti sú mi, ni mo bá fọ́ ẹyin lé ẹ̀fọ́, mo gbé e sínú ófùnù. Ìgbà tí mo gbé abọ́ dórí tábìlì, omi aláwọ̀ ewé ló ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ lábẹ́ ẹyin. Wọ́n wò ó títí. "Ìyàwó wa, ṣé kí n lọ ra ẹ̀kọ wá ni?"

Ẹ̀fọ́ tútù ni mo kó sínú abọ́. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní spinach ní ọjà Wuse àti Utako, tí àwọn Hausa ń pè ní alayyahu, tẹ̀tẹ̀ wa náà ni, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dà á sínú omi tútù, kẹ́ ẹ wá fún un bí ẹni ń fún ṣòkòtò jíǹsì. Ìdì ńlá kan á kéré di ẹ̀kúnwọ́. Ìgbà yẹn lẹ́ ẹ ó tó gé e, tẹ́ ẹ ó fi àlùbọ́sà àti bọ́tà díẹ̀ yí i lórí iná títí ariwo ṣàà-ṣàà inú páànù á fi rọlẹ̀. Ariwo yẹn, omi ni. Gbúre ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Wàrà àwọn Fúlàní dùn nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé á yọ́ bíi ṣíìsì òyìnbó. Kì í yọ́. Bẹ́ ẹ bá jù ú síbẹ̀ bó ṣe wà, omi ara rẹ̀ á tún kún tẹ̀fọ́. Ẹ kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ dín in.

Ẹ má fọ́ ẹyin tààrà sínú abọ́. Nígbà ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹyin ọjà ti lè jókòó sínú oòrùn látàárọ̀. Inú ife ni kẹ́ ẹ ti fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan tó bá ń rùn, gbogbo ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ fún ló bá a lọ.

Ófùnù tí kò tíì gbóná náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé 180°C kẹ́ ẹ tó gbé abọ́ wọlé, kẹ́ ẹ sì máa yọjú wò ó láti ìṣẹ́jú 10. Bí funfun rẹ̀ bá ti dì, tí pupa rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bẹ́ ẹ bá mi abọ́, ẹ gbé e jáde, nítorí ooru abọ́ á ṣì máa sè é lọ. Ẹni tó bá dúró kó le pátápátá nínú ófùnù, rọ́bà ló máa jẹ. Ti aláboyún, ọmọdé àti arúgbó yàtọ̀: tiwọn gbọ́dọ̀ jinná dé pupa, torí kòkòrò salmonella.

Ẹ má sì tètè sè é de àlejò. Ẹni tó ní òun ti dé Berger lè ṣì máa wẹ̀ ní Nyanya. Ẹ jẹ́ kó kan ilẹ̀kùn ná.